Ṣé £340 kò pọ̀ jù fún eré gọ́ọ̀fù kan?

Òǹkàwé wa kan tó ń gbé ní Maryland, ní Amẹ́ríkà, ló kọ̀wé sí mi báyìí:

"Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti ń gbá gọ́ọ̀fù. Pápá káúńtì tó wà nítòsí ilé ni mo máa ń lọ, $50 tàbí kó lé díẹ̀ ni mò ń san, àmọ́ lẹ́nu àìpẹ́ yìí iye owó wọn ń yí láti wákàtí kan sí òmíràn. Lóṣù September tó ń bọ̀ ni màá pé ọgọ́ta ọdún. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní ká lọ ṣe é ní Scotland, ká gbá Old Course, pápá gọ́ọ̀fù tó wà ní St Andrews. £340 ni wọ́n ní ẹnì kan máa san. Ilé iṣẹ́ arìnrìn-àjò kan tiẹ̀ ní òun lè bá wa fi àyè sílẹ̀ pátápátá, àmọ́ owó tiwọn ju ìlọ́po mẹ́ta lọ. Ìyàwó mi ní owó yìí ti pọ̀ jù. Ẹ jọ̀ọ́, kí ló ń jẹ́ kí pápá kan gba $50 kí òmíràn gba ohun tó tó ìlọ́po mẹ́wàá? Èló ló yẹ kí irú èmi yìí san?"

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìmúra ọjọ́ ìbí o. Ẹ ó ṣe é, ẹ ó sì ṣe ọ̀pọ̀ rẹ̀ láyọ̀.

Kí n kọ́kọ́ dá yín lóhùn lórí èyí tó ká yín lára jù. Ẹ lọ sí St Andrews. Bí orúkọ yín bá jáde nínú kèké tí wọ́n máa ń ṣẹ́ níbẹ̀, ẹ san £340 náà, ẹ má sì wẹ̀yìn. Ní ti ilé iṣẹ́ arìnrìn-àjò tó fẹ́ gba ìlọ́po mẹ́ta, ẹ kí wọn, kẹ́ ẹ sì sọ fún wọn pé ẹ dúpẹ́. Màá ṣàlàyé ìdí tí mo fi pa ààlà síbẹ̀, àmọ́ pápá káúńtì yín la ti máa bẹ̀rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ owó gọ́ọ̀fù ti tètè ń yé èèyàn.

Iṣẹ́ tèmi ni kí n jókòó ti àwọn tó ń bójú tó pápá, ká jọ pinnu iye tí wọn yóò gbà lọ́wọ́ ẹni tó bá wá gbá. Ohun tí mo rí nídìí iṣẹ́ náà ni pé iye tí wọ́n kọ sára pátákó àti iye tí eré náà ná èèyàn kì í sábà jẹ́ ọ̀kan náà. Bí iye ara pátákó bá kéré sí ohun tí àwọn èèyàn múra tán láti san, ìyókù yẹn kì í ṣègbé. Ẹnì kan á gbà á. Ó lè jẹ́ òtẹ́ẹ̀lì ni yóò gbà á, ó lè jẹ́ alárọ́bọ̀, ó sì lè jẹ́ pé oorun yín ni wọn yóò gbà dípò owó.

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé owó tí pápá ń ná lórí koríko ló ń sọ iye tí wọ́n ń gbà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Pápá oníhò 18 ní Amẹ́ríkà máa ń gba ilẹ̀ tó tó nǹkan bí éékà 150. Ní àsìkò tí koríko ń hù, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gé koríko kúkúrú tó yí ihò ká. Wọ́n á bomi rin ín, wọ́n á ra yanrìn, wọ́n á ra epo sí ẹ̀rọ, wọ́n á san owó oṣù. Bóyá èèyàn 20 ló wá gbá lọ́jọ́ yẹn, bóyá 200 ni, owó yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀. Ìnáwó ló ń sọ bóyá pápá á máa wà nìṣó tàbí á ti ìlẹ̀kùn. Iye tí ẹ̀yin fẹ́ san kò sí nínú ìwé ìnáwó wọn.

Àkókò ni pápá ń tà, èyí tí àwa tó ń gbá a ń pè ní tee time. Bí wọ́n bá ń tú ẹlẹ́ni mẹ́rin sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá, èèyàn 24 ni yóò wọlé ní wákàtí kan. Láti aago méje àárọ̀ sí aago kan ọ̀sán, àyè 144 ni wọ́n ní, wọn kò sì lè ṣe ẹyọ kan lé e. Àyè aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ẹnikẹ́ni kò rà dà bí àga tó ṣófo nínú ọkọ̀ tó ti jáde ní gáréèjì: ẹnikẹ́ni kò lè tà á mọ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kékeré kan. Ká ní $50 ni pápá kan ń gbà, tí èèyàn 86 sì wá láàárọ̀ Sátidé, $4,300 ló wọlé. Ká ní ó wá já a sí $38, tí èèyàn 120 sì wá, $4,560 ló wọlé. Lórí ìwé, ẹ̀dínwó náà mú èrè wá. Àmọ́ àwọn èèyàn 34 tó lé yẹn ní ẹsẹ̀ tí wọ́n fi ń tẹ koríko mọ́lẹ̀, wọ́n sì ń dí ara wọn lọ́nà. Eré tó yẹ kó parí ní wákàtí mẹ́rin á di wákàtí márùn-ún àbọ̀. Ẹni tó jí ní aago márùn-ún ìdájí, tó fẹ́ gbá tán kó sì tún rí ayẹyẹ ọ̀sán lọ, òun ni yóò kọ́kọ́ bínú kúrò. Bẹ́ẹ̀, òun gan-an ló ń san owó gidi. Ọ̀pọ̀ máníjà ni mo ti rí tó fi ẹ̀dínwó lé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ, tí kò sì mọ̀ pé òun ló lé e.

Ìdí rèé tí iye owó káúńtì yín fi ń yí. Wọ́n ti gbé ọgbọ́n ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú wọ inú pápá. Aago mẹ́jọ àárọ̀ Sátidé, gbogbo ayé ló ń fẹ́ ẹ, owó rẹ̀ á gòkè. Aago méjì ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun nínú ooru July, tí oòrùn Maryland ń jó èèyàn lórí, owó rẹ̀ á wálẹ̀. Bó bá di ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, á tún wálẹ̀ sí i, torí ilẹ̀ lè ṣú bá yín ní ihò kẹẹ̀ẹ́dógún. Àwọn pápá kan tún wà tó jẹ́ pé dípò kí wọ́n san owó fún ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń gba orúkọ, tee time ni wọ́n ń fún ilé iṣẹ́ bíi GolfNow, ilé iṣẹ́ náà á wá tà á fúnra rẹ̀. Ìyẹn ló fi ṣeé ṣe kẹ́ ẹ rí àyè pápá yín ní ibòmíì lówó tí kò tó ti ṣọ́ọ̀bù wọn. Ẹ máa wo ibi méjèèjì kẹ́ ẹ tó sanwó.

Láti 2020, nígbà tí àrùn kòrónà lé àwọn èèyàn jáde kúrò nínú ilé, àwọn tó ń gbá gọ́ọ̀fù ní Amẹ́ríkà ti pọ̀ sí i gan-an. Eré tí wọ́n ń gbá lọ́dún lé ní 500 mílíọ̀nù báyìí. Pápá tuntun kò sì yọ tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá retí pé owó ọdún 2015 á padà wá, ó máa pẹ́ lórí ìdúró.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó kan iye tí èèyàn "múra tán láti san" tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀. Ẹnu kì í sọ ọ́ bó ṣe rí. Ẹ bi ẹni tó ń gbá gọ́ọ̀fù léèrè, á ní $60, kò gbọdọ̀ lé. Ẹ wá bá a dé pápá. Ó san $55 fún pápá, ó san $20 fún ọkọ̀ kékeré tó fi ń rìn kiri, ó ra bọ́ọ̀lù torí omi ti gbé tàná lọ, ó jẹun, ó ra nǹkan tútù mu. Nígbà tó máa fi wọ ọkọ̀ rẹ̀ padà, ó ti ná $110. Kò purọ́ fún yín o. Owó pápá nìkan ló kà kún owó gọ́ọ̀fù, ó fi ìyókù sínú àpò mìíràn lọ́kàn rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí pápá kan bá gbé ìwé ìbéèrè wá fún mi pé báyìí ni àwọn oníbàárà wọn wí, mo máa ń kà á, àmọ́ mo máa ń sọ pé kí wọ́n kó ìwé owó tó wọlé wá, torí ohun tí ọwọ́ san ló dá mi lójú.

Àwọn tó bẹ̀rẹ̀ gọ́ọ̀fù ní Nàìjíríà kí wọ́n tó wá sí ìlú òyìnbó ní ìṣòro tiwọn nínú èyí. Ẹni tó bá jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ Ikoyi Club 1938 tàbí Ikeja Golf Club, owó ẹgbẹ́ ló ń san. Bó bá ti san án tán, eré ọjọ́ kọ̀ọ̀kan á dà bí ọ̀fẹ́ lójú rẹ̀, ó ku owó kádì, ìyẹn ẹni tó ń bá a gbé àpò igi gọ́ọ̀fù rẹ̀. Bó bá wá dé Amẹ́ríkà tí wọ́n ní kó yọ $70 lẹ́ẹ̀kan náà, á ní wọ́n ń yan òun jẹ. Bó bá jókòó pín owó ẹgbẹ́ ọdún kan sí iye ìgbà tó gbá lọ́dún yẹn, ó ṣeé ṣe kó rí i pé $70 yẹn kò burú rárá.

Ẹ wá jẹ́ ká lọ síbi tí owó ara pátákó ti kéré sí ohun tí àwọn èèyàn fẹ́ san, ká wo ẹni tó ń gba ìyókù.

Ní Los Angeles, ìjọba ìlú ló ni àwọn pápá bíi Rancho Park àti àwọn tó wà ní Griffith Park, owó wọn sì mọ níwọ̀n. Ní 2024 ọ̀rọ̀ bẹ́ síta pé àwọn alárọ́bọ̀ kan ń gbá gbogbo tee time tó dára mọ́ra ní kété tí wọ́n bá ti ṣí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì ń tún un tà lórí KakaoTalk, ìyẹn ètò ìfọ̀rọ̀ránṣẹ́ orí fóònù kan. Ìjọba kò fi kọ́bọ̀ kún owó pápá, síbẹ̀ ẹni tó fẹ́ gbá láàárọ̀ Sátidé ń san ju iye ìjọba lọ, èyí tó lé lórí rẹ̀ sì ń bọ́ sápò ẹni tí kò gé koríko kan rí. Inú bí àwọn ará ìlú gidigidi, wọ́n sì jàre. Ìjọba ìlú wá ṣòfin pé kí ẹni tó bá fẹ́ gba àyè kọ́kọ́ san $10 sílẹ̀ lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, owó tí kò ní padà bí wọ́n bá fagi lé e. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí ọ̀rọ̀ náà fi hàn wá: alárọ́bọ̀ kì í rí ọjà tà níbi tí iye tí wọ́n ń gbà ti bá iye tí èèyàn fẹ́ san dọ́gba. Wíwà wọn níbẹ̀ ni ẹ̀rí pé àwọn ará Los Angeles múra tán láti san jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní Farmingdale, ní Long Island, oorun ni wọ́n fi ń san án. Bethpage Black wà nínú ọgbà ìjọba ìpínlẹ̀ New York, wọ́n sì ṣí i ní 1936. Àwọn ìdíje ńlá ti wáyé níbẹ̀: U.S. Open ní 2002 àti 2009, PGA Championship ní 2019, Ryder Cup ní 2025. Títí di 2024, ará ìpínlẹ̀ New York kì í san tó $100 níbẹ̀, ẹni tó ti ìpínlẹ̀ mìíràn wá ni wọ́n ń gba ìlọ́po méjì lọ́wọ́ rẹ̀. Orí pápá yẹn ni Tiger Woods ti gba ife U.S. Open ní 2002, síbẹ̀ awakọ̀ bọ́ọ̀sì Queens ní ìlú New York lè gbá ihò 18 kan náà lówó tí kò tó ti bàtà. Nítorí náà àwọn èèyàn máa ń wá láti alẹ́, wọ́n á sùn sínú mọ́tò wọn níbi ìgbọ́kọ̀sí títí ilẹ̀ á fi mọ́. Wọn kì í gba ọkọ̀ kékeré láàyè níbẹ̀, ẹsẹ̀ ni gbogbo ẹ̀. Pátákó kan tiẹ̀ wà níbi ìbẹ̀rẹ̀ tó ń kìlọ̀ pé pápá náà le gan-an, kí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì mọ́ má ṣe wọ̀ ọ́.

Mo fẹ́ràn ètò Bethpage ju èyíkéyìí lọ nínú àwọn tí mò ń sọ yìí. Mo mọ̀ pé kò pé: nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́, ìyá tó ní ọmọ kékeré nílé, wọn kò lè sun inú mọ́tò. Síbẹ̀, ó sàn kí oorun jẹ́ owó pápá ju kí owó nìkan jẹ́ owó pápá, torí kò sẹ́ni tó ní ju alẹ́ kan lọ láàárín ìrọ̀lẹ́ àti òwúrọ̀.

Pebble Beach, ní California, kò fi nǹkan kan sílẹ̀ fún alárọ́bọ̀. Ní 1919 ni wọ́n ṣí i, Jack Neville àti Douglas Grant ló ya àwòrán rẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá lówó ló sì lè gbá a. Owó pápá nìkan ti kọjá $600. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ kí àyè rẹ̀ dájú ṣáájú àkókò ní láti sun ó kéré tán oru méjì ní òtẹ́ẹ̀lì ilé iṣẹ́ náà, yàrá The Lodge sì máa ń kọjá $1,000 lóru kan. Ẹ ro ó pọ̀ fúnra yín. Òtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ti ń gba ìyókù. Àwọn èèyàn ń san án, wọn kò sì ṣẹ̀, torí òkun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò keje àti ìkejìdínlógún kò sí níbòmíràn. Bó tilẹ̀ rí bẹ́ẹ̀, ìtòsí ibẹ̀ ni Pacific Grove wà, pápá ìjọba ìlú ni, Jack Neville yẹn kan náà ló ya àwòrán ihò mẹ́sàn-án ìgbẹ̀yìn rẹ̀, etí òkun kan náà ló sì wà. Owó rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú márùn-ún ti Pebble Beach. Èmi á rán ọmọ ìyá mi lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

Ó wá kan St Andrews. Ilẹ̀ àjùmọ̀ní ìlú ni Old Course, ìyẹn ló sì yà á sọ́tọ̀ láàárín àwọn pápá ńlá ayé. Ní 1552, bíṣọ́ọ̀bù àgbà John Hamilton fọwọ́ sí ìwé tó jẹ́rìí sí ẹ̀tọ́ àwọn ará ìlú láti máa gbá gọ́ọ̀fù lórí ilẹ̀ náà. Láti 1974, àjọ St Andrews Links Trust tí òfin ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Britain dá sílẹ̀ ló ń bójú tó o, pápá méje ló sì wà lábẹ́ wọn. Ará ìlú máa ń gba ìwé ọdún, owó ìwé náà kò ju iye tí àlejò á fi gbá ìwọ̀n eré díẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè wọ́n máa ń ti Old Course fún eré, àwọn èèyàn á máa rìn gbẹ̀fẹ́ lórí rẹ̀ pẹ̀lú ajá àti ọmọ wọn.

Àlejò ló ń gbé ẹrù owó náà. £320 ni ní àsìkò tí èrò ń pọ̀ ní 2024, ó di £340 ní 2025, ìyẹn lé ní $400. Ó pọ̀ lójú, àmọ́ kò tíì dé ibi tí àwọn èèyàn lè san dé. Bí wọ́n bá kọ £700 sára pátákó lọ́la, mi ò rò pé àyè kankan á ṣófo. Wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Kèké ni wọ́n ń ṣẹ́. Ẹ̀yin méjì, mẹ́ta tàbí mẹ́rin á fi orúkọ sílẹ̀ ní ọjọ́ méjì ṣáájú ọjọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ gbá, kó tó di aago méjì ọ̀sán. Bó bá di ìrọ̀lẹ́ yẹn, wọ́n á gbé orúkọ àwọn tó mú jáde. Dókítà àti káfíńtà, ọ̀kan náà ni wọ́n nínú kèké.

Àwọn ilé iṣẹ́ arìnrìn-àjò tí àjọ náà fọwọ́ sí ní àyè tiwọn tí wọ́n ń tà pọ̀ mọ́ òtẹ́ẹ̀lì. Kò sí ẹ̀tàn nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ mọ ohun tẹ́ ẹ ń rà: £340 ni owó pápá, gbogbo èyí tó lé lórí rẹ̀ ni owó ìdánilójú. Ẹni tó ní ọjọ́ kan péré ní Scotland, tí bàbá rẹ̀ ti darúgbó tó sì fẹ́ gbá a kó tó kú, mi ò ní sọ pé kó má ra ìdánilójú. Ẹ̀yin kò sí nínú irú ipò yẹn. Mẹ́rin lẹ ó jẹ́, ẹ sì lè gbé ìlú náà fún ọ̀sẹ̀ kan. Ọjọ́ mẹ́fà ni wọ́n ń ṣẹ́ kèké lé lórí nínú ọ̀sẹ̀, ẹ lè fi orúkọ sílẹ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Bó bá jẹ́ pé kò mú yín rárá, ẹ ṣì wà ní St Andrews, New Course tí wọ́n ṣe ní 1895 àti Jubilee tí wọ́n ṣe ní 1897 wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Old Course gan-an, atẹ́gùn òkun kan náà ló ń fẹ́ sí wọn, owó wọn kò sì tó ìdajì. Bẹ́ ẹ bá ní ọkọ̀, ẹ dé Crail, ìlú kékeré kan tí kò jìnnà síbẹ̀. Ẹgbẹ́ gọ́ọ̀fù ibẹ̀ ti wà láti 1786, pápá Balcomie wọn sì wà létí òkun.

Báwo wá lẹ ṣe máa mọ iye tó yẹ yín? Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo máa ń ní kí àwọn èèyàn bi ara wọn: bí mi ò bá gbá níbí, ibo ni mo tún ti lè rí irú rẹ̀? Pápá káúńtì yín ní ìdáhùn tó pọ̀. Prince George's àti Montgomery, káúńtì méjèèjì ló ní pápá tiwọn, Washington náà kò sì jìnnà. Nítorí náà, ẹ pinnu iye tẹ́ ẹ fẹ́ san kẹ́ ẹ tó ṣí ojú ewé ìsanwó, bó bá kọjá $60, ẹ yí wákàtí padà tàbí kẹ́ ẹ yí pápá padà. Ẹ má jẹ́ kí ìkánjú aago mẹ́jọ Sátidé mú yín san $85 fún ohun tẹ́ ẹ lè rí ní $45 lọ́jọ́ Ọjọ́rú. Old Course kò ní irú rẹ̀ mìíràn. Ìdí nìyẹn tí iye kan kò fi lè bá ìrìn àjò méjèèjì mu, kò sì sí àìgbọ́n nínú kí ẹni tó ń sá fún $85 ní Maryland san £340 ní Scotland.

Ẹ ṣì gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ìgbà kan wà tí owó kò lè ṣí ilẹ̀kùn pápá fún àwọ̀ tiwa. Langston tó wà ní Washington, 1939 ni wọ́n ṣí i, fún àwọn aláwọ̀ dúdú tí wọn kò jẹ́ kí wọ́n wọ ọ̀pọ̀ pápá mìíràn bó ti wù kí owó ọwọ́ wọn pọ̀ tó. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ Wake-Robin Golf Club, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1937, wà lára àwọn tó jà fún un. Ní 1941 ni Harold Ickes, tó jẹ́ mínísítà lábẹ́ Ààrẹ Roosevelt, pàṣẹ pé kí gbogbo pápá ìjọba ní Washington gba aláwọ̀ dúdú. PGA, ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi gọ́ọ̀fù ṣiṣẹ́ ṣe ní Amẹ́ríkà, ní tiwọn kò yọ òfin aláwọ̀ funfun nìkan kúrò títí di 1961. Nítorí náà, nígbà tí ìjọba ìlú kan bá bi mí pé ṣé kí àwọn gbé owó ará ìlú sókè kó bá ti àlejò dọ́gba, mo máa ń ta kò ó gidigidi. Ní Torrey Pines, pápá ìlú San Diego tó gbàlejò U.S. Open ní 2008 àti 2021, ará ìlú kì í san tó ìdajì ohun tí àlejò ń san. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Àlejò lè san owó ńlá fún ẹ̀ẹ̀kan láyé rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tó ń gbé lójú pópó kejì nílò láti máa gbá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kò ní mọ̀ ọ́n gbá láéláé.

Ó ku àwọn nǹkan kéékèèké. Ẹ má fi ìrìn náà sí oṣù November sí March nítorí pé owó Old Course ń já wálẹ̀ sí nǹkan bí ìdajì. Lásìkò yẹn, orí ẹní kékeré ni wọ́n máa ń ní kéèyàn gbé bọ́ọ̀lù sí lórí fairway, ìyẹn ọ̀nà koríko tó lọ síbi ihò, kí koríko lè sinmi, kì í ṣe eré tẹ́ ẹ tìtorí rẹ̀ rìn nìyẹn. September yín dára. Ẹ mú ìwé handicap yín dání, èyí tó ń fi hàn bẹ́ ẹ ṣe mọ̀ ọ́n gbá tó, wọ́n máa béèrè rẹ̀. Ẹ ya owó kádì àti owó ìdúpẹ́ rẹ̀ sọ́tọ̀, ẹ kà á kún owó eré láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ má sì yẹra fún un: Old Course kún fún kòtò yanrìn tí ojú kì í rí láti ibi tí èèyàn ti ń gbá, kádì ló mọ ibi tí wọ́n wà. Ẹ fi Sọ́ńdè kan kún un fún ìyàwó yín. Ẹ jọ rin Old Course láti ihò kìíní dé afárá Swilcan, ọ̀fẹ́ ni.

Ní ti Maryland, ẹ béèrè owó àgbàlagbà nígbà tẹ́ ẹ bá padà dé. Àwọn pápá ìjọba kan ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọgọ́ta ọdún, àwọn mìíràn ní 62 tàbí 65, ọ̀pọ̀ wọn kì í sì ṣe é lópin ọ̀sẹ̀. Wọn kì í sábà sọ ọ́ fún ẹni tí kò bá bèèrè.